Ìtẹ̀ka Wà Níbí

2

…ó sì dojú ìwé náà délẹ̀, bí gbogbo atẹ̀wé ṣe máa ń ṣe, kó má baà tẹ ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì.

Gbogbo ohun tí Morufat ṣe nìyẹn. Ìka méjì ló fi yí ìwé. Ẹni tó bá ní pé ìka méjì ò lè wó ilé, ẹ sọ fún un kó wá sí Ìsàlẹ̀ Gángan.

(Ẹ má wá nọ́ńbà kìíní níbí. Ó ń bọ̀.)


3

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÀPÓTÍ PÁÀNÙ ÌYÁ ÀGBÀ
Morufat ló kọ ọ́ sílẹ̀, August 1995

— rìsíìtì omi, láti ayé òyìnbó
— káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú tí kò sí mọ́
— ìwé ìbí ọmọ mẹ́fà. Mẹ́rin ló kù láyé
— ìwé ọsibítù, ìwé ọsibítù, ìwé ọsibítù
— kàlẹ́ńdà Ràmàdáànì ọdún mọ́kànlá
— lẹ́tà Tàófíìkì láti Jámánì: *ẹ má ṣèyọnu mi, mò ń bọ̀* (1977)
— tírà kan tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀
— ìwé ilé


4

Ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń pín nítòsí Tinúbú:

ṢÉ ÌWÉ TI FẸ́ LÉ YÍN JÁDE NÍNÚ ILÉ YÍN?
KỌ̀ǸPÚTÀ DÉ!
Ìwé ogún ọdún nínú dísìkì kan ṣoṣo.
Ikán ò lè jẹ ẹ́. Òjò ò lè rin ín. Ọmọdé ò lè fà á ya.
Ẹ wá rí ADÉNÍYÌ, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé.
(Jẹnẹrétọ̀ wà.)


5

Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ni, ògiri rẹ̀ pupa, páákó ni fèrèsé rẹ̀. Gàníyù aránfìlà, ará Ìjẹ̀bú tó wá jẹun l'Ékòó, ló rà á ní 1931. Gàníyù ti kú. Ẹyọ ọmọ kan ló kù fún un láyé: Àyìnkẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí wọ́n kó wọ ilé náà. Ó ti pé mẹ́rìnléláàádọ́rin báyìí, kò sì tíì sùn sílé ẹlòmíràn rí. Ọkọ ló wá bá a níbẹ̀. Fìlà ni Ìyá Àgbà náà ń rán, bíi bàbá rẹ̀.

Morufat jẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá Àgbà ló wò ó dàgbà, òun ló sì fún un ní oríkì, Àṣàkẹ́.

Ìwé ló kún ilé náà. Ìwé lábẹ́ ibùsùn, ìwé lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ìwé nínú ìkòkò tí ẹnikẹ́ni ò fi se nǹkan mọ́. Ikán ń jẹ wọ́n bọ̀ láti ìsàlẹ̀, òjò ń rin wọ́n bọ̀ láti òkè. Àlejò tó bá fẹ́ jókòó, á kọ́kọ́ gbé ìwé. Morufat wá lọ kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Adéníyì fún oṣù mẹ́fà, orí rẹ̀ wú. Ó ní gbogbo ìwé ilé yìí, dísìkì kan á gbé e mì, á sì tún máa wá oúnjẹ kiri.

Ìyá Àgbà gba dísìkì náà. Ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó mì í sétí. Ó ní òun ò gbọ́ ohùn ìwé kankan níbẹ̀.

Síbẹ̀ ó gbà. Ikán ti dé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.


6

ÒFIN ÀPÒ MẸ́TA
Ìyá Àgbà sọ ọ́, Morufat kọ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri

ÀPÒ KÌÍNÍ. Ìwé tí a ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí kò wúlò mọ́. Ti ẹlẹ́pà.

ÀPÒ KEJÌ. Ìwé tó bá ní kéwú lára, ìbáà jẹ́ lẹ́tà kan péré. Kò gbọdọ̀ wé ẹ̀pà. Kò gbọdọ̀ dé ààtàn. A kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ orúkọ Ọlọ́run. Ti Alfa Jíbrílù ni. Á sun ún lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, á da eérú rẹ̀ sí ọ̀sà.

ÀPÒ KẸTA. Ìwé ilé àti ìwé ìbí. Kò lọ síbì kankan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Lójoojúmọ́ ni Morufat ń gbé ìdì ìwé kan lọ sọ́dọ̀ Adéníyì. Á tẹ ọ̀kan, á dojú rẹ̀ délẹ̀. Á tẹ òmíràn, á dojú rẹ̀ délẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé ìdì náà wálé bó ṣe wà, á gbé e ka iwájú Ìyá Àgbà lórí ẹní.

Ìyá Àgbà ò mọ ABD. Ṣùgbọ́n ó jókòó ti wàláà nígbà èwe rẹ̀: bó bá rí kéwú, ó mọ̀ ọ́n. Òun ló ń ṣa ti àpò kejì. Morufat á wá ṣa ìyókù.

Òfin dára. Ọwọ́ méjèèjì mọ́. Ẹ rọra máa wò ó.


7

Fáìlì kan nínú dísìkì náà. Bí Morufat ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyí, kò fi nǹkan kún un, kò yọ nǹkan kúrò:

ILE.DOC

*Èmi Ọláìtán, ọmọ Èkó, mo ta ilé mi tó wà ní Ìsàlẹ̀ Gángan fún Gàníyù aránfìlà, ará Ìjẹ̀bú. Mo ti gba owó mi pé. Mi ò yá a gbé. Mo tà á fún un ni, òun àti ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Oṣù kẹrin, ọdún 1931.*

*Ọláìtán fọwọ́ sí i.*

*[ÌFỌWỌ́SÍ WÀ NÍBÍ]*

*Ẹlẹ́rìí: Àyìnkẹ́ ọmọ Gàníyù, ọmọ ọdún mẹ́wàá. A mú ọmọdé ṣe ẹlẹ́rìí nítorí pé àgbà á kú, ọmọdé á rántí.*

*[ÌTẸ̀KA WÀ NÍBÍ]*


8

(Èyí bọ́ sínú àpò kejì.)


9

ÌWÉ ÌPÈ SÍ KÓÒTÙ
2 October 1995

Olùpẹjọ́: Mọ̀núrù Ọláìtán
Olùjẹ́jọ́: Àyìnkẹ́ Gàníyù

Olùpẹjọ́ sọ pé bàbá bàbá òun kò ta ilé fún Gàníyù rí. Ó yá a gbé ni. A pè yín láti wá sí kóòtù ní Ọjọ́rú, 18 October, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ mú ojúlówó ìwé ilé lọ́wọ́.

Mọ̀núrù fúnra rẹ̀ ló bá akọ̀wé kóòtù wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ní Ìdúmàgbò, ó ń wá ibi tó máa kọ́ ẹ̀kẹrin sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Àgbà kí wọ́n tó lẹ ìwé ìpè mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọlúwàbí ni Mọ̀núrù. Á béèrè àlàáfíà ẹ lọ́wọ́ ẹ, á sì wo àjà ilé ẹ, á máa fi ojú wọ̀n ọ́n.


10

ÌYÁ ÀGBÀ: Gbé àpò kẹta wá.

MORUFAT: Òun rèé, Ìyá.

ÌYÁ ÀGBÀ: Yọ ìwé ilé fún mi. Kí Mọ̀núrù tó dé Ìdúmàgbò, kí ìtìjú ti bá a lọ́nà.

(Morufat da àpò náà sílẹ̀. Ìwé ìbí mẹ́fà. Ó kó wọn padà, ó tún dà wọ́n sílẹ̀. Ìwé ìbí mẹ́fà.)

MORUFAT: Ó wà nínú kọ̀ǹpútà, Ìyá.

ÌYÁ ÀGBÀ: Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìwọ lo ní ẹ̀rọ yẹn kì í gbàgbé. Sọ fún un kó bì í jáde.

MORUFAT: Ẹ̀dà ló máa jáde, mà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ta ló bi ọ́ léèrè ẹ̀dà?


11

Àpò kìíní ti wà lọ́dọ̀ ẹlẹ́pà.

Morufat sáré dé ọ̀dọ̀ Khairiyyah ẹlẹ́pà, lórí títì Ìdúmàgbò. Kò kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀pà wíwé. Ẹ̀pà ń dà sílẹ̀ ṣaara. Khairiyyah ní ṣé orí ẹ dá ṣáká, àbí ẹnìkan rán ẹ sí mi. Morufat ń ka ìwé tó ń tú. Rìsíìtì omi. Ìwé ọsibítù. Rìsíìtì omi.

Ó tú òmíràn. Epo ẹ̀pà ti rin ín.

*ẹ má ṣèyọnu mi, mò ń bọ̀*

Tàófíìkì nìyẹn. Ọmọ Ìyá Àgbà tí kò bọ̀ mọ́. Morufat ká lẹ́tà náà sínú àyà bùláọ̀sì rẹ̀.

Ìwé ilé ò sí níbẹ̀.


12

Ọmọbìnrin Alfa Jíbrílù ló mú èyí wá, nínú ìwé tí wọ́n ká mẹ́rin:

*Morufat, mo rí iṣẹ́ tó o rán. Gbogbo ohun tó wà nínú àpò kejì ni mo ti sun, ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, 15 September, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Eérú rẹ̀ ti wà nínú ọ̀sà. Ọ̀kan nínú wọn ni mo rántí dáadáa. Ìwé pélébé ni, àdúà ló kún ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ alfa àtijọ́. Mi ò yí i wo iwájú. Àdúà náà dára púpọ̀: Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí ilé yìí bọ́ mọ́ àwọn ọmọ mi lọ́wọ́.*

*Mo ṣe àmín sí i kí n tó ṣáná sí i.*


13

Ó yé Morufat wàyí.

Gàníyù ra ilé. Ó mú ìwé ilé lọ bá alfa ìgbà náà, ó ní kó kọ àdúà sẹ́yìn rẹ̀, kí ilé má bọ́. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lẹ́yìn náà, Morufat tẹ iwájú ìwé náà tán, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀yìn ló kọjú sókè. Ìyá Àgbà rí kéwú.

Ìyá Àgbà ni.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà ló mú un.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, bí ẹni pé ẹnìkan ti gbọ́.


14

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Adéníyì ń ké bí eku tí ilẹ̀kùn há mọ́. Ìwé náà jáde. Ó mọ́, ó gún, ó rẹwà. Morufat gbé e lọ bá lọ́yà tí wọ́n bẹ̀, Títílayọ̀, obìnrin kúkúrú kan tí kì í yọ awò ojú.

LỌ́YÀ: Ìwé ọdún wo nìyí?

MORUFAT: 1931, mà.

LỌ́YÀ: Kí ló ń jẹ́ 01-01-80 lókè ibí?

MORUFAT: Aago inú kọ̀ǹpútà ni, mà. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Tí iná bá ti lọ tó tún dé, á ní 1980 ni a wà.

LỌ́YÀ: Ìwé 1931, tí wọ́n tẹ̀ ní 1980, lórí ẹ̀rọ tí Adéníyì rà ní èṣí. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́, kí n wà níbẹ̀ kí n gbọ́.

MORUFAT: Òtítọ́ ni, mà.

LỌ́YÀ: Ta ló tẹ̀ka síbí?

MORUFAT: Ìyá Àgbà, mà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

LỌ́YÀ: Mi ò rí ìka. Ọ̀rọ̀ ni mo rí.

(Lọ́yà yọ awò ojú.)

LỌ́YÀ: Gbọ́ mi, àbúrò. Bí ìwé ò bá sí, ẹ lè pàdánù ilé. Bí ẹ bá ṣe òmíràn kó dà bí ti àtijọ́, ẹ máa pàdánù ilé, ẹ sì máa ṣẹ̀wọ̀n. Mi ò ní tún èyí sọ mọ́.


15

Morufat rò ó fún Adéníyì. Adéníyì ní òun kàn ń dá àpárá ni. Ó ní èèyàn máa ń rẹ ìwé sínú tíì, kó pọ́n, kó gbó, kó dà bí ọkọ ìyá àgbà. Ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ló fà á yọ nínú dúrọ́ọ̀. Ìwé ilé, lórí tákàdá tó ti pọ́n. Ó ti yọ 01-01-80 kúrò. Ó ti yọ ọ̀rọ̀ méjèèjì tó wà nínú àkámọ́ kúrò. Òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i bí Ọláìtán. Àyè kan ṣófo nísàlẹ̀, ó tó ìka àtàǹpàkò kan.

Morufat ní òun ò fẹ́.

Ó gbà á.


16

OHUN TÓ Ń BA MORUFAT LẸ́RÙ

1. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá kàn.
2. Mọ̀núrù tó bá ń rẹ́rìn-ín.
3. Mọ̀núrù tí kò bá rẹ́rìn-ín.
4. Òórùn tíì.
5. Kí Ìyá Àgbà kó ẹrù jáde ní ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, kó dúró lójú títì, kó máa béèrè pé ibo là ń lọ.
6. Kí Ìyá Àgbà mọ ọwọ́ ẹni tó mú ìwé.
7. Àpò kejì tó ti ṣófo.
8. Àmín.


17

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 October. Ìyá Àgbà ń rán fìlà lẹ́bàá fèrèsé. Morufat kúnlẹ̀.

MORUFAT: Ìyá, ìwé ilé ti jóná.

(Abẹ́rẹ́ dúró.)

MORUFAT: Èmi ni mo kó o sínú àpò Alfa. Mi ò wò ó dáadáa. Ẹ dárí jì mí.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìwọ.

MORUFAT: Èmi ni, mà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìgbà wo lo kọ́ kéwú?

MORUFAT: Mi ò kọ́ ọ, mà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé àpò kejì ló yẹ ẹ́?

(Morufat tẹjú mọ́ ẹní.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìwé pélébé kan. Tàdáà rẹ̀ ti pọ́n. Mo fẹnu kò ó kí n tó jù ú sínú àpò. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti rí i níbì kan rí.

(Ó gún abẹ́rẹ́ mọ́ fìlà.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Àṣàkẹ́, o ò gbọdọ̀ parọ́ fún mi nínú ilé bàbá mi.


18

Kò sunkún. Ohun tó ba Morufat lẹ́rù jù nìyẹn. Ó parí fìlà tó ń rán, ó fi eyín gé òwú, ó ní kí Morufat kó gbogbo ìwé tó mú wá láti ọ̀dọ̀ Adéníyì síwájú òun. Èyí tó mọ́, àti èyí tó pọ́n.

Morufat kò tíì sọ fún un pé èyí tó pọ́n wà. Imú Ìyá Àgbà ló sọ fún un.


19

Ọjọ́rú. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀.

Ìwé méjèèjì wà lórí tábìlì. Pátákó tàdáà tí lọ́yà fi ń lu òǹtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Adéníyì ló fi ránṣẹ́, wọn ò bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà ti ró ìró funfun. Ó ní òun rántí ọjọ́ náà. Ó ní bàbá òun gbé òun lé orí àga kí ọwọ́ òun lè tó tábìlì. Ọláìtán ló di ọwọ́ òun mú, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní ọmọ yìí á sin gbogbo wa. Tàdáà náà tutù. Ó ta sí aṣọ òun, ìyá òun sì na òun.

Morufat ní, "Ẹ sọ gbogbo ìyẹn fún adájọ́, Ìyá."

"Mo máa sọ ọ́. Wọ́n á ní arúgbó ń ṣàárẹ̀. Wọ́n á ní kí n mú ìka mi wá."

"Ìka yín kọ́ ni wọ́n ń wá, mà. Ìwé ni."

"Ta ló tẹ̀ka sí ìwé náà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Irọ́ wo ló wà níbẹ̀ nígbà náà, bí mo bá tún un tẹ̀?"

Morufat mọ irọ́ tó wà níbẹ̀. Tíì ni irọ́ náà. Ọwọ́ Adéníyì ni irọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìka yìí kì í ṣe irọ́, òun gan-an ni, ó ti fẹ̀, ó ti dàgbà, ó ti gbó.

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ìwé ìpè Mọ̀núrù tí wọ́n ti ṣí kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ tàdáà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó gbé e.

Dúdú. Dúdú lásán. Kò sí ìlà kankan nínú rẹ̀.

Ó tún un tẹ̀. Dúdú.

Ọgọ́ta ọdún ló ti fi ìka náà ti abẹ́rẹ́ wọ inú fìlà. Abẹ́rẹ́ ti jẹ gbogbo ìlà tán. Ó ń dán bí ojú ọ̀sà tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́.

Ìyá Àgbà gbé ìka náà sójú, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò.


20

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá wa. Mo ní kí n wá fi mọ́tò mi gbé yín lọ sí kóòtù, kí ẹ má baà fẹsẹ̀ rìn."

Mọ̀núrù ni. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà.


21

Ìyá Àgbà fi ìka kan tàdáà lẹ́ẹ̀kẹta. Ó nà án jáde, ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí ìwé tó mọ́, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ÌTẸ̀KA WÀ NÍBÍ. Ó kọjá lọ sórí èyí tó pọ́n.

Morufat di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọrùn ọwọ́ náà tín-ín-rín bí ti ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò fà á sókè.

Mọ̀núrù ń kanlẹ̀kùn.


1

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni, nínú August. Iná wà. Morufat rí ìka kékeré kan nísàlẹ̀ ìwé ilé, gbogbo ìlà rẹ̀ pé, kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná rẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín sí i. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìyẹn sínú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta dípò rẹ̀. Ó ní ó parí, ó fi ìka méjì mú ìwé náà létí,